"Agbára" ni ó tọ́, kì í ṣe "ohùn": lórí orúkọ tí a fẹ́ fún amplifáyà rédíò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Mo kí i yín. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú-Òde ní kí a máa pe amplifáyà tí àwọn oní-rédíò ń so mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sáfẹ́fẹ́ ní "amóhùnròkè". Mo bọ̀wọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ "ohùn" tí wọ́n kì bọ àárín ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun gan-an ni yóò mú kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ba ẹ̀rọ olówó ńlá jẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ "amóhùnròkè" yóò rò pé ti òde àríyá ni, tí wọ́n ń yí sókè bí èrò bá ti ń pọ̀. Yóò yí agbára rédíò rẹ̀ dé òpin, yóò sì máa pariwo sí gbohùngbohùn. Bí amplifáyà tí a ṣe láti gba wáàtì 5 láti ara rédíò bá gba wáàtì 100 lẹ́ẹ̀kan náà, tiransísítọ̀ rẹ̀ lè jó lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ jó, ohun tí yóò jáde yóò dàrú, yóò sì máa yọ àwọn tó wà nítòsí ìkànnì rẹ̀ lẹ́nu. Agbára díẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, tí a ń wo mítà bí a ṣe ń fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ránṣẹ́ láìso eríálì tàbí dummy load (ohun tó ń gba agbára náà dípò eríálì, tí ó sì ń sọ ọ́ di ooru) mọ́ ọn, torí pé agbára tí kò bá rí ọ̀nà jáde yóò padà sínú ẹ̀rọ. Bí SWR, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí eríálì ṣe bá ẹ̀rọ mu sí, bá dé 3:1, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà ni ó ń ṣẹ́rí padà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ṣàgámù kò kàwé púpọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ inú amplifáyà oní-fáàfù (irú èyí tó ń lo ìgò oníná dípò tiransísítọ̀) níṣojú wọn, bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ lára iná. "Agbára ṣì wà nínú rẹ̀" ni wọ́n máa ń wí, òótọ́ sì ni, nítorí kàpásítọ̀ rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè di 2,000 fóòtì mú kí ó sì pa ènìyàn. Wọn kò fìgbà kan dárúkọ ohùn.

"Afagbárakún" ni èmi dábàá, torí pé ṣe ni ẹ̀rọ náà ń fa iná láti ara páwà tó ń pèsè iná fún un, tí ó ń fi agbára rẹ̀ kún ti ìgbì rédíò. Àbúrò wa láti Rẹ́mọ tó tún un kọ láìfi àmì sí i ní láti ṣọ́ra: "kún" ni mo kọ, kì í ṣe "kùn". Tiransífọ́mà inú rẹ̀ ń kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ra ẹ̀rọ náà fún kọ́ nìyẹn. Ní ti ẹni tó ní kí a fi "u" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí pé "ulé" ni àwa Ìjẹ̀bú ń pe ilé, "a-" tó ń tọ́ka sí olùṣe kò sí lára ìyẹn, mi ò sì ní dá a lóhùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà, n kò jiyàn. Kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi: ẹni tó ń fi kọ́ọ̀dù Morse, tí a ń fi títẹ kúkúrú àti gígùn kọ lẹ́tà, ránṣẹ́ kò la ẹnu rárá, ẹ̀rọ yìí kan náà sì ń ṣiṣẹ́ fún un. Ohùn ta ni ó ń mú ròkè nígbà náà?