Wọ́n ní kí n sáìnì kó tó di Fúráìdè, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Manchester: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa eré orí ìtàgé kó dá mi lóhùn, oorun ò kùn mí látàná. Mo kọ eré olórin kan, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, bọ̀dá tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbé ohùn sí i. Ìtàn àwọn èèyàn wa tí wọ́n lé kúrò ní Gánà lọ́dún 1969 ni, ìgbà tí Busia tó jẹ́ olórí ìjọba wọn ní kí àlejò tí ò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní pùròdúsà lòun wá fi kọ́ńtíráàtì ránṣẹ́, ó ní eré náà di tòun títí ayé, kí èmi tún mú £3,000 wá ká fi gba gbọ̀ngàn, tí mi ò bá sáìnì kó tó di Fúráìdè òun á lọ mú eré ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí nílùú yìí. Ṣé kí n sáìnì ni? Báwo lẹni tí ò lórúkọ ṣe ń dé orí ìtàgé?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Má sáìnì o! Má tiẹ̀ fọwọ́ kan bírò! Pùròdúsà ló ń sanwó fún ẹni tó kọ eré, a kì í yí i po. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé á fún ẹ lówó díẹ̀ kó lè di eré yẹn mú fún bí ọdún kan, option ni wọ́n ń pè é, tí kò bá rí i gbé jáde láàrin ìgbà yẹn eré ẹ padà sọ́wọ́ ẹ. Títí ayé ti jẹ́?

Bọ̀dá Oníṣẹ́-ìnà, Leeds: Kí o tó dá pùròdúsà lóhùn rárá, ìwọ àti oníkíbọ́ọ̀dù yẹn ti kọ ìwé? Èmi àti ẹni tó gbé orin fún mi ò kọ nǹkan kan, ọ̀rẹ́ ni wá, inú abọ́ kan la ti ń jẹun, àfìgbà tí tíátà kan fẹ́ gba eré yẹn ló ní òun ò fẹ́ kí wọ́n lo orin òun mọ́. Bó ṣe parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo kọ wà nínú dúrọ́ọ̀, orin wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò wúlò fún ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló ni kí ni, èló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kan bá bínú lọ ńkọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Manchester: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. A ò tíì kọ nǹkan kan o. Ó tún ku ọ̀kan, orin méjì nínú ẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ọ̀kan lorin tí màmá àgbà máa ń kọ fún wa, èkejì mo mú un nínú rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú kan tí bàbá mi fẹ́ràn, òun ni wọ́n ń kọ nígbà tí lọ́rì ń kó wọn kúrò ní Kumasi. Ìyẹn ò lè dá wàhálà sílẹ̀ ṣá?

Àǹtí Houston: Yéè! Yọ jùjú yẹn kúrò lálẹ́ òní! Èmi fi irú ẹ̀ sínú eré níbí, a ti ta tíkẹ́ẹ̀tì, a ti rán aṣọ, ọ̀sẹ̀ tá a fẹ́ ṣeré gan-an ni lẹ́tà lọ́yà dé. A dá owó àwọn èèyàn padà, owó gbọ̀ngàn ò padà ní tiẹ̀.

Alàgbà Croydon: Mi ò gbà. Tí gbọ̀ngàn bá ti san owó PRS, àwọn tó ń gba owó fáwọn tó kọ orin, kí lẹ tún ń wá? Ìnáwó wo la ṣe tá ò kọ orin àwọn bàbá wọ̀nyẹn? Àwọn náà mú nínú oríkì, wọ́n mú nínú orin ìbílẹ̀, ta ni wọ́n sanwó fún?

Bọ̀dá Oníṣẹ́-ìnà, Leeds: Ẹ má bínú sà, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Orin tí wọ́n kàn ń kọ fáwọn èèyàn gbọ́ ni ti PRS. Tí òṣèré bá fi orin yẹn sọ ìtàn lórí ìtàgé, ọ̀tọ̀ nìyẹn, grand rights ló ń jẹ́, ọwọ́ ẹni tó ni orin lẹ ti máa gbà á. Ní UK níbí, ó di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ orin bá kú kó tó di ti gbogbo ayé.

Alàgbà Croydon: Ti màmá àgbà ńkọ́? Ká lọ tọrọ ìyẹn náà lọ́wọ́ lọ́yà?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Rárá sà, tó bá jẹ́ orin ìbílẹ̀, ìyẹn ò lẹ́ni tó ni ín, kó kọ ọ́. Àfi tó bá jẹ́ pé inú rẹ́kọ́ọ̀dù ẹnì kan ló ti gbọ́ ọ tó sì kó o bí onítọ̀hún ṣe tò ó gẹ́lẹ́.

Alàgbà Croydon: Àṣejù òyìnbó ni mo ṣì máa pè é. Olórin yẹn fúnra ẹ̀ á yọ̀ tó bá rí i.

Àǹtí Houston: Olórin lè yọ̀ sà. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń rán lọ́yà.

Ọmọ Ẹjìgbò, Sheffield: Ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn ná. Àbúrò, má wá West End, àwọn tíátà ńláńlá Lọ́ńdọ̀nù, báyìí. Ẹ wo eré olórin Operation Mincemeat, tíátà kékeré New Diorama tó ń gba 80 èèyàn ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, ó di 2023 kó tó wọ West End, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Olivier lọ́dún 2024. Àwọn tó kọ eré olórin Six, ọmọ yunifásítì ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ Edinburgh lọ́dún 2017. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣeré ní Fringe, àjọ̀dún eré tí wọ́n ń ṣe ní Edinburgh níbẹ̀, wọn kì í ṣà, owó ilé tí ẹ máa sùn sí lóṣù August ló máa ń fa ìdí èèyàn ya. Torí náà bẹ̀rẹ̀ nílé. Wá òṣèré mẹ́fà, kíbọ́ọ̀dù kan, ẹ ya gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin níwájú èèyàn, láìsí aṣọ, láìsí iná. Jókòó sẹ́yìn, má wo òṣèré, àwọn tó ń wòran ni kó o máa wò, ibi tí wọ́n bá ti ń yọ fóònù ni kó o gé. Lẹ́yìn ìyẹn, gba ohùn orin mẹ́ta sílẹ̀ dáadáa, kọ ìtàn eré yẹn sójú ìwé kan ṣoṣo, fi ránṣẹ́ sáwọn tíátà tó ń gba eré tuntun. Wo Mercury Musical Developments náà, torí àwa tá à ń kọ eré olórin ni wọ́n ṣe wà.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Arts Council, àjọ tó ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́, náà ń fúnni lówó, Project Grants ni wọ́n ń pè é, láti £1,000 lọ sókè, fọ́ọ̀mù ti £30,000 sísàlẹ̀ ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n má retí pé wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀, wọ́n máa bi ẹ́ pé níbo lèyí tó kù ti ń bọ̀.

Alàgbà Croydon: Ibi ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn dára. Eré tí Ògúńdé ṣe fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó lọ́dún 1944 ló fi bẹ̀rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So dé Berlin lọ́dún 1964, Yorùbá pọ́ńbélé, àwọn òyìnbó jókòó wò ó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Manchester: Orí mi wú sà. Kí ni kí n wá kọ sí ọkùnrin yẹn báyìí? Fúráìdè ti dé tán.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Gbé eré yẹn wá Peckham o jàre. Wakaa, eré olórin láti Nàìjíríà, dé Shaftesbury Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2016, àwa la lọ wò ó. Ta ló fẹ́ wọ òjò Manchester wá wòran?

Bọ̀dá Oníṣẹ́-ìnà, Leeds: Ẹ̀yin Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ máa ń dé nígbà tí wọ́n bá ti ń gbá ilẹ̀! Leeds ni kó gbé e wá, gbọ̀ngàn ò wọ́n, a sì máa ń dé lásìkò.

Àǹtí Houston: Houston ni o. Àyè ìgbọ́kọ̀sí wà, ìrẹsì wà.

Ọmọ Ẹjìgbò, Sheffield: Ẹ dákẹ́ ná, Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Títí dòní ìyá ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ ṣì ń fi Twi ka owó, tó bá ti kọjá mẹ́wàá ló tó padà sí Yorùbá. Nílé tiwa Abidjan ni gbogbo wọn ń lọ, àwọn ìyá mi ń fi Faransé ná ẹja.

Alàgbà Croydon: Ẹ rántí ọkọ̀ tó máa ń gbé gbohùngbohùn yí ìlú ká tí eré bá fẹ́ wọlé? A ti máa sá tẹ̀ lé e dé ojú títì. Wò ó, ọmọ mi, tó bá jẹ́ Sátidé, aago márùn-ún, màá kó èèyàn ogún wá látinú ìjọ wa.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Aago márùn-ún tòyìnbó ni àbí tiwa, sà?

Bọ̀dá Oníṣẹ́-ìnà, Leeds: Ẹ kọ aago mẹ́ta sí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ará Croydon.