Ẹ̀yin ọlọ́kadà tó ti ṣubú rí, ta ló dúró tì yín?

Ọmọ Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tó ń fi máṣíìnì wá oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ sọ ọ́, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà bá ṣubú, èrò kì í wọ́n. Gbogbo wa la máa ń dúró, a ó pariwo, a ó lé ọkọ̀ tó bá fẹ́ sá lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo ń bi yín: ìgbà tí ẹsẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, tí ilé ìwé ń béèrè owó ọmọ, tí ẹni tó ni máṣíìnì sì ń pè lórí fóònù. Ta ló wà níbẹ̀?

Tèmi rèé. Mo gbé èrò lọ sí Odò Ọbà, mo ń padà bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà àtijọ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bó ṣe rí: ọ̀nà kan ṣoṣo, tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀, kòtò wà láàárín. Ọ̀kan yà fún kòtò, ó gba ojú ọ̀nà tèmi, mo bá wọ igbó lọ. Máṣíìnì wó lé ẹsẹ̀ òsì mi. Awọ ojúgun kò nípọn rárá, ẹ fọwọ́ kan tiyín, ẹ ó rí i. Bí eegun ṣe ṣẹ́, ńṣe ló dá awọ lu tó yọ síta.

Àwọn ọlọ́kadà méjì tí n kò mọ̀ rí ló kọ́kọ́ bá mi níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ̀kan, ó fẹ́ gbé mi sáàárín òun àti ẹlòmíì lórí máṣíìnì, bí a ṣe sábà máa ń ṣe. Èkejì jẹ́ bàbá kan tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ yìí. Ó ní, "Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ o. Bó bá jẹ́ pé ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ló ṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ di arọ." Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ó wá igi méjì tó tọ́, ó dì wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì. Kò fà á, kò sì gbìyànjú láti ti eegun padà sínú. Ọkọ̀ kan tó kó iṣu ni wọ́n dá dúró, wọ́n tẹ́ mi gbọọrọ sórí pákó. Títí dòní n kò mọ ilé bàbá yẹn, àdúrà ni mo ń gbà fún un.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi dé, owó ni wọ́n béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Alága wa ní Tákìé ti dé nígbà náà. Kò bá wọn jà. Ó sọ fún wọn pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 20, kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, tàbí méjèèjì. Kíá ni wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n fọ egbò náà, wọ́n sì kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi lọ síbi tí oníṣẹ́ abẹ eegun wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ òfin yìí sórí. Ó yẹ kí gbogbo alága ẹgbẹ́ lè kà á jáde láì wòwé.

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ní a ní láti wá ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará ibùdó wa tò sílẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tèmi mu fún mi, àwọn tí tiwọn kò bá a mu fún ilé ìwòsàn láti fi dípò èyí tí wọ́n lò. Ọ̀kan nínú wọn, èmi àti ẹ̀ ti jà lórí èrò rí débi pé a kì í kí ara wa mọ́. Òun ló kọ́kọ́ na apá. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo sunkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Wọ́n fi irin sínú eegun, dókítà sì ní n kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ́síréè yóò fi fi hàn pé eegun ti ń jọ mọ́ra. Eegun ojúgun kì í tètè jinná. Ó lè gba oṣù 4 sí 6, bí egbò bá sì wà níbẹ̀ ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwìn ni mo fi gba máṣíìnì ọ̀hún, mò ń san án díẹ̀díẹ̀. Bí n kò bá san, wọ́n á gbà á, gbogbo èyí tí mo ti san tẹ́lẹ̀ á sì wọmi.

Níbùdó wa, a máa ń tò ni, ẹni tó bá kàn ló ń gbé èrò. Wọn kò yọ mí kúrò lórí ìlà. Láràárọ̀, bó bá ti kàn mí, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló ń gbé èrò náà, owó rẹ̀ á sì lọ sọ́wọ́ akápò ní orúkọ mi. Mẹkáníìkì wa tún máṣíìnì ṣe láì gba owó iṣẹ́, owó páátì nìkan ló gbà, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kan tí kò ní máṣíìnì ló ń gùn ún. Owó àwìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì ń pín èyí tó ṣẹ́kù. Owó ọrẹ máa ń tán, ẹni tó ń fúnni á rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún mi jẹ́ ètò, ojoojúmọ́ ló ń lọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè fi í bú mi lọ́la.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n á wá ta ayò lójúde mi. Wọ́n ní kí n máa bá wọn kọ ìwé àjọ, ta ló san, ta ni kò san. Ẹ̀yin tí ẹ ti dùbúlẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ. Ọkùnrin tí ìyàwó ń bọ́, tó ń gbọ́ ìró máṣíìnì níta láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa ro nǹkan mìíràn. Ìwé àjọ yẹn gbà mí lọ́wọ́ ìròkurò.

Ó kàn yín.

Ìyàwó Ọlọ́kadà, Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ewu o, bàbá. Ewu iná kì í pa àwòdì.

Ọkọ mi ni tiwa ṣẹlẹ̀ sí. Eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ dá nínú, awọ kò bẹ́. Àwọn ẹbí ní ilé teégun-teégun ni ká gbé e lọ, nítorí owó, àti nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí dókítà má gé ẹsẹ̀. N kò bú wọn. Mo mọ ẹni tí teégun-teégun tọ́jú tó ń rìn dáadáa, iṣẹ́ ìdílé ni, ó ti pẹ́ nílẹ̀. A gbé e lọ. Wọ́n fi ọparun dì í, wọ́n fún un pinpin. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń ké pé ìrora náà ti ju ti ọjọ́ tó ṣubú lọ. Wọ́n ní eegun ló ń jọ mọ́ra.

Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀ wá kí i. Ọ̀pá ni ọkùnrin yẹn fi ń rìn, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kan fún un. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó ní, "Ó tutù." Ó ní kó mì í, kò lè mì í. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tirẹ̀ sókè, ó ní bí tòun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdì tó fún jù ló dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹran ara kú, ó dúdú, dókítà kò rí nǹkan mìíràn ṣe mọ́ ju kó gé e lọ. Lóru yẹn ni a tú ìdì náà, ó bá wa wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa lọ sí ọsibítù. Ẹsẹ̀ ọkọ mi wà níbẹ̀ dòní, ó ń fi rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọkọ tàbí ọmọ nílé, ẹ máa fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ lálẹ́, ìbáà jẹ́ POP, ìyẹn símẹ́ńtì funfun ti ọsibítù, ni wọ́n fi dì í, ìbáà jẹ́ ọparun. Bó bá tutù, bó bá kú tipiri, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín, ẹ tètè gbé e lọ bá ẹni tó máa tú u. Ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Zémi, Kétu ní ilẹ̀ Benin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Zémijàn ni wọ́n ń pè wá lọ́dọ̀ tiwa. Kútọnu ni mo ti ń ṣe é, níbi tí a ti ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, n kò mọ ibi tí mo wà, fóònù mi sì ti lọ. Nọ́ńbà ara ẹ̀wù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ fi wádìí títí wọ́n fi rí àwọn ará Kétu tí a jọ wà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi.

A ní àjọ tí a ń dá. Kò tíì kàn mí láti kó o. Ẹni tó kàn ní kí wọ́n gbé tirẹ̀ fún mi, pé òun á gba tèmi nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Mo mọ ohun tó fẹ́ fi owó yẹn ṣe, páànù ilé rẹ̀ ló fẹ́ rà, òjò sì ti sún mọ́lé. Nígbà tí apá mi san, èmi náà bá a ru páànù ọ̀hún.

Dìsípáàṣì, Ọ̀jọ́ta

Ẹ ti sọ ti eegun, ẹ ti sọ ti owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rù.

Ìkẹjà ni mo ti ń gun ọ̀kadà títí ìjọba Èkó fi lé wa kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022. Mo bá bọ́ sídìí gbígbé ẹrù káàkiri. Ọ̀nà Ìkòròdú ni ọkọ̀ kan ti gbá mi. Akoto mi là, orí mi kò là. Èjìká ló ṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wá kí mi kò ra búrẹ́dì, akoto tuntun ni wọ́n dáwó rà, nítorí èyí tó bá ti gbá nǹkan lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé gbára lé mọ́, kódà bí ojú kò rí ibi tó ti là.

Èjìká san, mo lè gbé nǹkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó sórí máṣíìnì, tí tírélà fọn fèrè, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. N kò lè sọ ọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ló rí i lójú mi. Ní àwọn ọjọ́ Àìkú tí ojú ọ̀nà dá, ó ń jókòó sẹ́yìn mi, èmi ni mò ń wà á, nínú àwọn àdúgbò Ògùdù. Kì í sọ̀rọ̀, bí ọwọ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á ní ká páàkì, a ó mu omi, a ó tún lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjì wá mú mi sáàárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, a jọ gba Maryland dé Ìkẹjà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn títí mo fi sọ fún wọn pé ó tó, mo lè dá lọ.

Ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn ti ṣubú lóṣù tó kọjá, orúnkún ni. Èmi ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn fisió tó ń kọ́ ọ ní ìrìn, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ẹrù máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Bí ẹnìkan bá wà ní apá Ọ̀jọ́ta tàbí Ògùdù tó lè bá mi mú Ọjọ́bọ̀, àárọ̀ kùtù ni, kò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi.