Skeeter Davis ló lé e, òun náà ló gbè é

Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, bàbá mi ní giramafóònù kan tí ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á nu àwo orin, wọ́n á rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e. Jim Reeves, olórin ará Amẹ́ríkà, ló máa ń ṣáájú. Tó bá kan Skeeter Davis, olórin obìnrin ará Amẹ́ríkà, nínú orin rẹ̀ “The End of the World,” màámi á kúrò nídìí àkàrà tí wọ́n ń dín, wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti síbí lọ́wọ́.

Obìnrin méjì ni mo máa ń gbọ́ nínú orin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, ní irọ́ ni, àwòrán ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára páálí àwo náà. A jà sí i títí. Àwa méjèèjì la jọ máa ń kọ ọ́ tí a bá ń fọ abọ́: òun á lé, èmi á gbè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo jókòó, mo wá ìtàn obìnrin yìí kà.

Mary Frances Penick lorúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ Kentucky l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1931. Bàbá àgbà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Skeeter, ìyẹn yànmùyánmú, torí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Nílé ìwé girama ló ti pàdé Betty Jack Davis. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, àmọ́ Davis Sisters ni wọ́n pe ara wọn. Betty Jack ń lé, Skeeter ń gbè é. Lóṣù August 1953, ọkọ̀ mìíràn kọ lu ọkọ̀ wọn. Betty Jack kú, Skeeter fara pa. Ọdún yẹn náà ni orin wọn gba ipò kìíní láàárín àwọn orin kọ́ńtírì, irú orin tó gbilẹ̀ láti gúúsù Amẹ́ríkà.

Nígbà tó wá ń dá kọrin nílùú Nashville, tí Chet Atkins ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, òun náà á tún wá gbè é lórí rẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi tọ́, tèmi náà kò sì wọ́. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́dún 1963, “The End of the World” gba ipò kejì láàárín àwọn orin kọ́ńtírì àti láàárín àwọn orin póòpù, ìyẹn orin ìgbàlódé tí tọmọdé tàgbà ń gbọ́, l'Amẹ́ríkà. Orin rẹ̀ mìíràn dé ipò keje nínú orin póòpù lọ́dún kan náà, ó tán, kò tún wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbẹ̀ mọ́. Nílé wa, ogún ọdún lẹ́yìn náà, a ṣì ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

*

Ẹ kú ìrójú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ìtàn òkè yìí. Ọkọ̀ akérò láti Òṣogbo sí Iléṣà lèmi ti mọ orin yẹn. Nígbà tí Skeeter dé ibi tó ti dá orin dúró tó ń sọ̀rọ̀ lásán, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn Skeeter fún jù ni ti ọdún 1973. Lórí ìtàgé Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtírì orí rédíò ní Nashville, níbi tó ti wà láti 1959, ó sọ̀rọ̀ sí àwọn ọlọ́pàá tó kó àwọn tó ń wàásù Jésù ní ìgboro. Wọ́n dá a dúró fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ó padà síbẹ̀, ó sì kọrin níwọ̀n bí ara ṣe gbà á. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á lọ́dún 2004. Ṣé àwo bàbá yín ṣì wà?

*

Ó wà lọ́dọ̀ mi. Giramafóònù ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, fóònù ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ègbè nìkan ni mo ṣì máa ń bá a kọ.