Ẹ gbà mí o: wọ́n ti pa orúkọ máṣíìnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà rẹ́, kí ni kí n ṣe?

Àkànní Chicago:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má wo ti pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Mo ra máṣíìnì Buell kan, alùpùpù eré, tuntun nínú ọ̀rá. Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn fún mi ní kọfí, ó ń pè mí ní "boss", ó tún wá fún mi ní fìlà. Fìlà! Ṣé fìlà ni mo wá rà? Ní báyìí tí mo bá pè é, wọ́n á ní ó wà lọ́dọ̀ oníbàárà, kò lè gbé fóònù.

Ẹ ti gbọ́ pé Harley-Davidson tó ni Buell ti ní lọ́dún 2009 yìí pé àwọn ò ṣe é mọ́. Wọ́n ní Harley gan-an làwọn fẹ́ gbájú mọ́, ìyẹn àwọn cruiser tí àwọn bàbá onírùngbọ̀n máa ń fẹ̀yìn tì lé lórí. Kí wá ni ti èmi tí mo ra máṣíìnì eré? Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, cruiser lòun náà ń gùn, kò sí alẹ́ tí kò ní kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n sinmi. Ó ti sọ fún màmá rẹ̀ l'Óṣogbo, màmá sì pè mí pé àwọn gbọ́ pé mo ti ń gun ọ̀kadà l'Amẹ́ríkà. Owó jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí mo rà sí i tún wà lọ́tọ̀ o.

Ṣé kí n dá a padà fún wọn ni, àbí kí n gba lọ́yà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Àkànní, ọmọ mẹ́ta lo ní. Kí lo fẹ́ fi máṣíìnì eré ṣe? Ìwọ àti ta lẹ jọ ń sáré? Ọkọ àbúrò mi ra irú ẹ̀ ní Dallas, odindi oṣù méjì ló fi ń jókòó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n fi irin sí. Ìyàwó rẹ ò sọ fún mi pé o ra nǹkan kan.

Táyé Milwaukee:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ èwo nínú àwọn Buell, ẹ ò sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, ẹ ò sọ bóyá owó ọwọ́ yín lẹ fi rà á. Báwo la ṣe fẹ́ dá yín lóhùn?

Ohun tí mo mọ̀ nìyí, torí ìlú tí mo wà yìí ni olú iléeṣẹ́ Harley wà. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2009 ni ọ̀gá wọn, Keith Wandell, kéde ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù náà, èyí tó kẹ́yìn ti jáde ní iléeṣẹ́ Buell ní East Troy. Nǹkan bí 180 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo mọ ẹnì kan nínú wọn. Àmọ́ wọ́n ní wáráńtì ò yí padà, páàtì á máa wà, àwọn ṣọ́ọ̀bù á sì máa tún un ṣe. Kò sí ohun tí lọ́yà fẹ́ bá yín ṣe níbẹ̀.

Bàbá Ṣẹ̀gun, Maryland:
Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ ká máa sọ òótọ́ síra wa. Harley ò ṣe ohun tó burú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Èrè tí wọ́n jẹ láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án 2008 jẹ́ mílíọ̀nù 166.5 dọ́là, ti irú àkókò yẹn ní 2009 wá já sí mílíọ̀nù 26.5. Àwọn tó ń yá owó báńkì fi ra máṣíìnì ò rí owó yá mọ́. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, kí wọ́n máa fi owó cruiser bọ́ máṣíìnì eré títí ayé?

Èmi ti ń gun Harley láti ìgbà tí ọmọ mi àgbà wà ní pírámárì, ó ti gboyè báyìí. Mo gbé e lọ sí Florida, mo gbé e dé Tennessee. Téèyàn bá jókòó lórí ẹ̀, ara á balẹ̀, ẹ̀yìn kì í dunni. Níbi tí mo ti ń tún tèmi ṣe, igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ń to Buell sí. Àwọn tó ń tà á gan-an ò fẹ́ràn ẹ̀.

Táyé Milwaukee:
Bàbá, ẹ kú àgbà o, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Buell kọ́ nìyẹn, ẹjọ́ àwọn tó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá ni. Tó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n ń ṣọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ra MV Agusta, iléeṣẹ́ máṣíìnì ti Ítálì, ní 2008, tí wọ́n ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lé e lórí, tí wọ́n tún ní àwọn fẹ́ tà á báyìí? Pípa Buell nìkan, wọ́n ní á ná wọn tó mílíọ̀nù 125.

Erik Buell fúnra ẹ̀, ẹnjiníà Harley ni tẹ́lẹ̀. Ó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1983. Harley ra ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1993, nígbà tó di 1998 ìdá 98 ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Látìgbà yẹn ló ti ń fi ẹ́ńjìnnì Sportster, ẹ́ńjìnnì cruiser, ṣe máṣíìnì eré! Ìgbà tó wá rí ẹ́ńjìnnì gidi gbà lọ́wọ́ Rotax, iléeṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní Austria, tó fi ṣe Buell tí wọ́n ń pè ní 1125R, kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Ọdún 2009 yìí kan náà ni eléré ìdíje kan, Danny Eslick, fi 1125R gba ife ìdíje Daytona SportBike. Ọdún tí wọ́n gba ife ni wọ́n pa wọ́n.

Bàbá Ṣẹ̀gun, Maryland:
Ife ò san owó oṣù, Táyé.

Kọ́lá Peckham:
Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ fọkàn balẹ̀. Mọ́tò Rover tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham kú níbí ní 2005, ojú wa ló ṣe. Gbogbo èèyàn ní mọ́tò mi ti di òkú ajá. Mo ṣì ń wà á. Owó pọ́ọ́kú ni mo fi rà á lẹ́yìn tí wọ́n ti ti iléeṣẹ́ náà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Páàtì wà níbi gbogbo. Ìyàwó mi lòun ò ní wọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, inú ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, àbúrò mi náà sì...

Ìyá Ìbejì, Houston:
Kọ́lá, ọ̀rọ̀ máṣíìnì là ń sọ o.

Àkànní Chicago:
Ẹ ṣé gan-an ni. 1125R ni tèmi, aláwọ̀ dúdú. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ mo ti ń gun máṣíìnì láti Ìbàdàn, kì í ṣe òní. Bàbá Ṣẹ̀gun, ẹ̀yìn kì í dùn mí, ọmọ ogójì ọdún ni mí. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá ni mo rà á.

Táyé Milwaukee:
Oṣù kọkànlá? Ẹ̀gbọ́n, oṣù kẹwàá ni wọ́n kéde! Ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Àbí ẹ ò rí i pé owó ẹ̀ ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni? Máṣíìnì tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là, mélòó lẹ san?

Àkànní Chicago:
Ẹgbẹ̀rún méje àti díẹ̀. Mo rí i nínú ìròyìn, n ò sọ pé n ò rí i. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn ní orúkọ náà ò ní kú, pé ẹlòmíràn á rà á lọ́wọ́ Harley kó tó dọdún tuntun. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Táyé Milwaukee:
Wọn ò tà á fún ẹnikẹ́ni. Erik Buell ti dá nǹkan míì sílẹ̀, Erik Buell Racing, ti àwọn eléré ìdíje ni, kì í ṣe ti èmi àtẹ̀yin. Tó bá rí báyìí, kí ló ń bí yín nínú? Ọjà lẹ rà. Ẹ máa gùn ún, ẹ lo wáráńtì yín, kẹ́ ẹ fi òyìnbó yẹn sílẹ̀.

Kọ́lá Peckham:
Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn.

Àkànní Chicago:
Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ gùn ún. Mo fẹ́ gbé e relé ni. Ẹnì kan ní Lẹ́kí ló bẹ̀ mí níṣẹ́ pé òun ń fẹ́ pawa báìkì tí Harley ṣe, èyí tí kò ní sí lọ́wọ́ ẹlòmíì l'Ékòó. A ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó, èrè gidi wà níbẹ̀. Àfi bí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun kà á nínú íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, pé òun ò ṣe mọ́. Kò tiẹ̀ fún mi ní àsansílẹ̀ kankan. Ẹ wá wò ó, ohun tí Harley ṣe ti ba òwò mi jẹ́.

Bàbá Ṣẹ̀gun, Maryland:
Háà.

Ìyá Ìbejì, Houston:
O jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ wáráńtì láti àárọ̀!

Adéọlá Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi wà l'Ékòó, mo máa ń gun pawa báìkì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí mọ́tò tó pọ̀ lórí Third Mainland. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Buell, kì í ṣe 1125, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ni. Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì torí ìjánu iwájú. Lára máṣíìnì tiwa, àwo ìjánu yẹn máa ń wà nítòsí àárín ẹsẹ̀. Ti Buell, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀ bíi ọpọ́n, etí rímù níta pátápátá ni wọ́n dè é mọ́. Mẹkáníìkì wò ó, ó dọ̀bálẹ̀ wò ó, ó ní ta ló dè é síbẹ̀. Ó tún ń wá táńkì epo. Nǹkan tó dà bíi táńkì lókè yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń gbà á kọjá, inú irin férémù gan-an ni epo wà.

Ẹ rí i báyìí, tí Yamaha tàbí Suzuki bá bàjẹ́, a lè rìn yí Ládípọ̀ títí a ó fi rí páàtì tó jọ ọ́. Kò sí ẹsẹ̀ máṣíìnì míì tó lè wọ ibi ti Buell. Wáráńtì Amẹ́ríkà ò sì dé Múṣin. Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́kí yẹn gbọ́n.

Bàbá Ṣẹ̀gun, Maryland:
Ẹ rí i? Tó bá jẹ́ cruiser ló rà, ìyẹn ì bá ti tà.

Táyé Milwaukee:
Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹni tó wà nínú kànga ná. Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ṣé ó ti wọ kọ̀ńténà?

Àkànní Chicago:
Rárá, ó wà ní gáréèjì ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó ń kó ẹrù ní ọjọ́ Ẹtì ni kọ̀ńténà òun máa kún. Mo ti ń rò ó pé kí n ṣáà kó o ránṣẹ́, tó bá dé ibẹ̀ ẹnì kan á rà á. Ó kàn ń yọ mí lẹ́nu ní ti ìwé ni.

Táyé Milwaukee:
Ìwé wo? Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde, ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ tó gbéra, kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ti gba title, ìyẹn ìwé tó fi ẹni tó ni ín hàn, kí máṣíìnì náà sì wà níbi tí wọ́n ti lè rí i. Tí gbèsè báńkì bá wà lórí ẹ̀, lẹ́tà báńkì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e pé àwọn fọwọ́ sí i. Ibo ni title yín wà?

Adéọlá Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n?

Àkànní Chicago:
Ó wà lọ́wọ́ báńkì. Ọdún mẹ́ta ni mo fẹ́ fi san án. Ẹni tó ń kó ẹrù ní òun mọ bí òun ṣe máa to mátírẹ́ẹ̀sì bò ó.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Olúwa ò! O fẹ́ kí wọ́n mú ọ! Ṣé o mọ iye àwọn tí wọ́n ń ká irú ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ní èbúté? Aládùúgbò wa tẹ́lẹ̀ fi mọ́tò Toyota ṣe é...

Táyé Milwaukee:
Ẹ má dán an wò rárá. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, báńkì á sì máa gba owó oṣù wọn lọ́wọ́ yín síbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń kó ẹrù láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ní ẹ ò fi ránṣẹ́ mọ́. Ẹ má tà á báyìí náà, torí tuntun ṣì kún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní owó pọ́ọ́kú, ta ló fẹ́ fi tuntun sílẹ̀ wá ra tiyín? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà tán. Tí yìnyín bá yọ́, àwọn olólùfẹ́ Buell tó wà ní Wisconsin yìí á máa wá a. Mo lè bá yín fi han àwọn kan nínú wọn.

Bàbá Ṣẹ̀gun, Maryland:
Ó sọ òótọ́. Kó yọ bátìrì ẹ̀ kúrò kí òtútù má pa á, kó sì rọ epo kún un.

Àkànní Chicago:
Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ní òun á fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, mo sọ fún un pé kó lọ ra kẹ̀kẹ́. Táyé, tí mo bá ń dúró de ìgbà tí yìnyín máa yọ́, ta ló máa bá mi san ti oṣù kọ̀ọ̀kan? Ìyàwó mi ò mọ̀ pé owó báńkì wà níbẹ̀, owó àjọ ni mo pè é fún un. Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má pè é.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ó wà lórí fóònù pẹ̀lú mi báyìí.