Fíìmù àtijọ́ wo lẹ ń retí kí wọ́n tún gbé jáde? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Alákòójọ Ọ̀yẹ́mẹ́kún

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fíìmù dé ibi tí ìyàwó fi ń bínú. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ wá fíìmù Yorùbá àtijọ́ kan rí, kó tún un ṣe, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí disìkì gidi tí a lè fowó wa rà, èwo lẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ? Ẹ sì sọ bí ẹ̀yin àti fíìmù náà ṣe pàdé.

Tèmi ni Àjàní Ògún, ọdún 1976. Ola Balogun ló darí rẹ̀, Ade Love ló ṣe Àjàní, Dúró Ládípọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí pẹpẹ kásẹ́ẹ̀tì nílé mi á rò pé kò sí ohun tí mi ò ní. Ti Olúwa Nilẹ̀ wà níbẹ̀, Ó Le Kú wà níbẹ̀, Ṣaworoidẹ wà níbẹ̀ tòun ti páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: láti 1993 wá sísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Fídíò ni wọ́n fi ṣe àwọn yẹn, ilé ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Èyí tó ṣáájú wọn, láyé Ògúndé àti Bàbá Sálà, òfìfo ni àyè wọn lórí pẹpẹ mi. Mi ò tíì fi owó mi ra ojúlówó ọ̀kan rí, torí mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Mo mọ ìdí rẹ̀ o. Àwọn àgbà òṣèré yẹn kò fẹ́ kí fíìmù wọn wọ ilé ẹnikẹ́ni. Gbọ̀ngàn ni wọ́n ń gbé e kiri, owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń rí owó wọn padà. Bí ẹ̀dà kan bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ fídíò méjì, ọjà bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣọ́ jù lọ wá di èyí tí a ò ní lónìí.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún

Aiyé ti Ògúndé ni kí wọ́n bá mi wá. Oǹdó ni mo ti wò ó, nínú gbọ̀ngàn kan, mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi ló mú mi lọ. Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ agbóhùnsókè ti ń kéde rẹ̀ káàkiri ìlú. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára aṣọ funfun náà ń ké lókè orí wa. Nígbà tí àwọn àjẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn lára aṣọ yẹn, ìyá kan níwájú wa dìde, ó ní òun ń lọ sílé. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo òde, ó padà wá jókòó, torí òde ṣókùnkùn ju inú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó lórí fóònù, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò tíì bà yín.

Fíìmù náà já láàárín. Wọ́n tanná, ọ̀gbẹ́ni tó ń yí i so ó pọ̀, a ń pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ wa ti rin ìlú púpọ̀, ìlà funfun ń sáré lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ohun tí mo ń retí ni pé kí wọ́n má gé orin. Kásẹ́ẹ̀tì kan tí mo rí nígbà tó yá, ẹni tó jí i dà ti gé àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọrin, kó lè wọ ojú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ta ló ń wo Ògúndé tí kò fẹ́ orin?

Ìyá Fídíò Ìjọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ya kásẹ́ẹ̀tì fún èèyàn ní Ìjọ̀kà nígbà kan, ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ ayé ìgbà yẹn á mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Alẹ́ kan, owó kan. Bí o kò bá yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí o tó dá a padà, o máa san lé e.

Ọ̀run Móoru ni tèmi. Lọ́dún 1982 ni Bàbá Sálà gbé e jáde, gbogbo yín lẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó kún ìgboro, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń kó ọjà wá fún àwa onífídíò kì í sọ ibi tó ti rí i, àwa náà kì í bi í. Bí òwò ọ̀hún ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì olè yẹn ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ohun tó da òwò bàbá yẹn rú, òun náà ni mo fi pa àwọn ọmọ-ọmọ mi lẹ́rìn-ín. Bàbá kú lọ́dún 2018. Bí ojúlówó bá jáde lónìí, màá rà á, bó ti wù kó wọ́n tó, kí owó rẹ̀ sáà dé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Atúnṣe Ọjà Ọba

Ìyá wa, ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ki kásẹ́ẹ̀tì yẹn bọ ẹ̀rọ kankan. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá fún mi ló ti bu nínú. Bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, tí ẹ wo ojú fèrèsé kékeré yẹn, ẹ máa rí nǹkan funfun létí téèpù. Ọ̀rinrin ló ń fà á, Àkúrẹ́ tiwa yìí ò sì fọ̀rọ̀ òjò ṣeré. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ, hẹ́ẹ̀dì, ibi tí ẹ̀rọ fi ń ka téèpù, á dọ̀tí, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá kì tẹ̀lé e á tún kó o. Àwọn kan á ní kí ẹ fi sípíríìtì nu téèpù. Ẹ má dán an wò, hẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fi sípíríìtì nù. Èmi máa ń tú kásẹ́ẹ̀tì, màá kó téèpù rẹ̀ sínú kéèsì mìíràn tó mọ́, màá rọra yí i kọjá lára aṣọ gbígbẹ, kí n tó dà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì VHS yìí ló wá wọ́n. Ilé iṣẹ́ Funai ti Japan tó ṣe é kẹ́yìn ti dáwọ́ dúró lọ́dún 2016. Èyí tó ti kú ni mo ń tú láti fi wo èyí tó ṣì ń mí.

Ẹ má sì gbójú lé disìkì VCD. Inú VHS ni wọ́n ti da ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọ, wọ́n tún wá fún àwòrán rẹ̀ pọ̀. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni disìkì kan ń gbà, ìyẹn ni fíìmù kan ṣe máa ń pín sí méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà mi ò ní ibi tí wọ́n ń ki disìkì bọ̀, ti àwọn ẹgbẹ́ mi náà ò ní. Kí ló dé tí wọn ò lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ká sanwó wò ó? Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ orin yẹn o. Lórí fóònù ni mo ti wo Ṣaworoidẹ, mo sì padà sí i nítorí orin nìkan.

Alákòójọ Ọ̀yẹ́mẹ́kún

Àbúrò, mi ò kọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó fíìmù kan lórí ìkànnì kan rí, nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n ní àdéhùn àwọn àti olówó rẹ̀ ti parí. Disìkì tó wà lórí pẹpẹ mi kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Kí wọ́n ṣe méjèèjì. Ti owó dátà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́yà Alágbàka

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu òfin bọ̀ ọ́. Ní Nàìjíríà, 50 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí fíìmù bá kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín máa ń tán lórí rẹ̀. Kongi's Harvest, tí Ossie Davis darí, tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi nínú rẹ̀, 1970 ló jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀. Àjàní Ògún tí ẹ̀gbọ́n wa ń wá, ìparí 2026 ni. Ọ̀run Móoru ti Ìyá, ìparí 2032. (Orin àti ìtàn tí wọ́n gbé fíìmù lé ní òfin tiwọn, ẹ má sáré.)

Wàyí o, òfin lè tú fíìmù sílẹ̀ kó máà sí fíìmù náà láti mú. Ta ló ní rọ́ọ̀lù? London ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà yẹn, torí kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ̀ ọ́ nílé. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán tó mọ́ gbọ́dọ̀ rí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tó jáde látinú kámẹ́rà gan-an, tàbí ẹ̀dà tí kò tíì rin ìlú bíi ti Ọmọ Ẹkímọ̀gún.

Shaihu Umar ni kò jẹ́ kí n sọ̀rètí nù. Fíìmù Hausa ni, Adamu Halilu ló darí rẹ̀ lọ́dún 1976, ọdún kan náà pẹ̀lú Àjàní Ògún. Wọ́n ti kà á mọ́ ohun tó sọnù. Lọ́dún 2016 ni wọ́n rí i ní ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba ní Jos. Àwọn Arsenal, ilé fíìmù kan ní Berlin, dá sí títún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2018. Ó yẹ ká máa béèrè ohun mìíràn tó wà nínú yàrá yẹn. Kí a sì tètè béèrè, torí irú fíìmù yẹn máa ń jẹrà. Bí ẹ bá ṣí agolo rẹ̀ tí òórùn fínígà lù yín, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè wò ó sàn, wọ́n kàn lè dà á kọ kó tó tán ni.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún

Lọ́yà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ò lè tún fíìmù ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni kí á lọ. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love ni, iṣẹ́ fíìmù náà ló sì ń ṣe. Tunde Kelani di kámẹ́rà mú nínú Ìyá ni Wúrà àti Taxi Driver, fíìmù Ade Love méjèèjì, kó tó dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, sílẹ̀. Bí a bá ní ká bẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ ẹni tó mọ ọwọ́ agolo. Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré tó ṣì wà láyé kún disìkì náà. Èmi á san owó disìkì tèmi sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí orin bá ti pé.

Ìyá Fídíò Ìjọ̀kà

Atúnṣe, mo ti gbọ́ o. Ọmọ mi á gbé páálí náà wá fún ọ ní Sátidé. Èló ni?

Atúnṣe Ọjà Ọba

Ìyá, Ọ̀run Móoru, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Àwọn tó kù, a jọ máa sọ ọ́. Ẹ sáà kìlọ̀ fún un kó má fi wọ́n sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn kó wá máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ kiri Ọjà Ọba.