Ṣé a lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ aṣọ rírán àti súwẹ́tà híhun débi tí a ó fi máa wọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wa?

Ìyá Àdùkẹ́, Lugbe, Àbújá

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní àárín ìlú, Lugbe sì ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí láti máa rán aṣọ ara mi àti ti àwọn ọmọ, kí n sì mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun súwẹ́tà, nítorí pé Jos ni màmá mi ń gbé, òtútù ọyẹ́ ibẹ̀ kò sì rọrùn fún àgbàlagbà. Owó iṣẹ́ tí àwọn télọ̀ ń gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó aṣọ fúnra rẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kankan gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, torí pé ilẹ̀ a ti ṣú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé ilé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń rú mi lójú: fídíò ọ̀fẹ́ wà lórí YouTube, àwọn kan ń gba owó kí wọ́n tó fi ènìyàn sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí Telegram, àwọn òyìnbó náà sì ní tiwọn. Ṣé ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rí lè ti ibẹ̀ mọ̀ ọ́n débi tí yóò wọ aṣọ náà lọ sí òde ìgbéyàwó? Kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ rán? Irú ẹ̀rọ wo ni ó yẹ ilé tí iná kì í dúró? Ṣé kí n sì kọ́kọ́ mọ aṣọ rírán dáadáa kí n tó dé ìdí ìhun? Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mo lè tẹ̀lé ni kí ẹ sọ fún mi.

Aránṣọ Kubwa

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú iṣẹ́ ìjọba. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Kubwa, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi, àwọn tí wọ́n ti orí fóònù kọ́ ọ náà sì máa ń wá bá mi. Mo rí i pé ọwọ́ irú wọn sábà máa ń já fáfá ju ojú wọn lọ. Fídíò lè kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi síìpù sí aṣọ, bí a ṣe ń yí ọrùn, àti bí a ṣe ń so apá mọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n olùkọ́ inú fídíò kò rí ara yín, kò sì rí aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ yín. Bí èjìká yín kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ̀yìn yín tẹ̀ díẹ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ óò bá sanwó fún kíláàsì, kí ó jẹ́ èyí tí olùkọ́ yóò ti máa wo àwòrán yín nínú aṣọ náà níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò sì máa sọ ibi tí aṣọ ti ń fà àti ibi tí ó ti wú. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀kọ́ náà yóò wà lọ́wọ́ yín pẹ́, tàbí wọn yóò pa á rẹ́ bí oṣù bá ti parí.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ ra onírin dúdú tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò nílò iná, kò nílò jẹnẹrétọ̀, àwọn tí ń tún un ṣe kò sì wọ́n. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ kì í ṣe aṣọ rárá. Ẹ yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, ẹ ya ewé kan nínú ìwé ọmọ iléèwé, kí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ tẹ̀lé ìlà orí rẹ̀ títí ihò abẹ́rẹ́ kò fi ní yà kúrò lórí ìlà mọ́, tí ẹsẹ̀ yín kò sì ní máa yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fídíò máa ń fò ó nítorí pé kò dùn ún wò, èyí sì máa ń dùn mí, torí pé ẹni tí kò bá kọ́ ọ yóò máa bá ẹ̀rọ jà títí. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni kí ẹ lò fún àǹkárá, 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 fún jíìnsì. Bí ẹ̀rọ bá ń fo ojú, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì tún òwú fà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ronú àtipe ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Ìró ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ létí, lẹ́yìn náà kí ẹ rán bùbá. Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n dá bùbá sílẹ̀ ṣe oore ńlá fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́: aṣọ kan tí a ṣẹ́ po ni ara rẹ̀, kò ní ojú rírán lórí èjìká, kò ní dáàtì (ibi tí a ń ká aṣọ pọ̀ rán kí ó lè bá ara mu), apá rẹ̀ kò ní kọ́rọ́ tàbí ìtẹ̀, ó sì fẹ̀ débi pé ìwọ̀n tí ó yẹ̀ díẹ̀ kò ní ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Nínú bùbá kan ṣoṣo, ẹ óò ti kọ́ bí a ṣe ń gé ọrùn, bí a ṣe ń so apá, bí a ṣe ń rán ẹ̀gbẹ́ àti bí a ṣe ń ṣẹ́ etí. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan dánra wò, ẹ lọ bẹ àwọn télọ̀ Ọjà Wuse tàbí ti Ọjà Utako fún àjákù aṣọ. Wọn kì í fi í ṣahun.

Baba Ìlọrin ní Kaduna

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa ti Kubwa, ṣùgbọ́n èmi wà lára àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́. Káfútáànì àti sòkòtò tí mo ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an. Lójú tèmi, ohun tí ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró jù ni pé kò mọ irú ìwọ̀n tí olùkọ́ ń lò, pàápàá bí olùkọ́ náà bá wà ní òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Pátáánù orí pépà (àwòṣe tí a ń tẹ̀ lé gé aṣọ) tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, irú ti Simplicity àti McCall's, ti ní àlékún aṣọ fún ojú rírán nínú, 5/8 íńṣì ni wọ́n sì sábà máa ń fi sí i. Pátáánù inú ìwé ìròyìn Burda ti àwọn ará Jámánì kì í ní in. Ẹni tí yóò gé e ni yóò fi tirẹ̀ kún un. Àwọn télọ̀ ilẹ̀ wa, íńṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a lè tú aṣọ náà bí ara bá sanra sí i. Ẹni tí ó bá da mẹ́ta yìí pọ̀ mọ́ra wọn yóò ní aṣọ tí kò wọlé sí i lára, yóò sì rò pé òun kò ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọwọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣirò ló yẹ̀.

Bí ẹ bá ń fi ìwọ̀n ara yín ya pátáánù, bí ó ṣe ń lọ nìyí: ká ní àyà yín ká jẹ́ íńṣì 40, ẹ pín in sí mẹ́rin, ó di 10, ẹ fi ìdajì íńṣì kún un kí aṣọ má bàa há, ẹ fi íńṣì 1 kún un fún ojú rírán, ó di íńṣì 11 àti ààbọ̀ fún ìdá mẹ́rin ara kọ̀ọ̀kan. Pépà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà á sí, kí ẹ sì fi kàlíkò olówó pọ́ọ́kú rán an wò kí ẹ tó fi sísáàsì kan aṣọ gidi.

Ìbú aṣọ náà ṣe pàtàkì. Àǹkárá tí a ń rà sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 45, ṣùgbọ́n íńṣì 60 ni ọ̀pọ̀ aṣọ tí àwọn òyìnbó ń lò nínú fídíò wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra yáàdì 2, àǹkárá tí yóò tó o yóò sún mọ́ yáàdì 3. Kí ẹ tó gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́, nítorí pé aṣọ òwú máa ń sún. Ìlà gígùn pátáánù gbọ́dọ̀ bá etí aṣọ dọ́gba, ìyẹn etí tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára àǹkárá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ sòkòtò yóò máa lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ wa fídíò sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kí ẹ sì dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.5 níbi tí ọwọ́ olùkọ́ bá ti yá jù. Ẹ tún ṣọ́ àwọn tí ń fi kámẹ́rà iwájú fóònù ya ara wọn, torí pé òsì lè di ọ̀tún nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa, ẹ wá àwọn olùkọ́ tí ń fi èdè náà kọ́ni. Wọ́n mọ káfútáànì ní àmọ̀dunjú.

Ìyá Olówùú, Jos

Ọmọ mi, inú mi dùn pé o ronú kan ohun tí yóò tu màmá rẹ lára. Ìlú Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí ojú òkun, nítorí náà súwẹ́tà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán níbí. Má ṣe dúró de aṣọ rírán. Abẹ́rẹ́ méjì àti ìdì òwú kan kò gba àyè, kò nílò tábìlì, o sì lè máa hun ún nínú ọkọ̀ nígbà tí gòsìlóò bá mú yín lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ojú méjì péré ni gbogbo ìhun dá lé lórí, níìtì àti pọ́ọ̀lù, fídíò sì kọ́ wọn dáadáa ju ìwé lọ. Ibi tí wàhálà wà ni nọ́ńbà abẹ́rẹ́. Nínú ìlànà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tínrín. Ní ti Amẹ́ríkà, bí ó ṣe ń ga ni ó ń nípọn. Abẹ́rẹ́ 8 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 4, nígbà tí 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlímítà 5. Mìlímítà ni kí o máa wò, kí o gbàgbé èyí tó kù. Bí o bá ya sí kúróṣè, ìyẹn ìhun tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ìwọ̀ lórí ṣe, orúkọ ojú pàápàá yàtọ̀: ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double, nítorí náà mọ ilẹ̀ tí olùkọ́ ti wá kí o tó tẹ̀ lé e.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ súwẹ́tà, hun ègé kékeré kan tí ó ju íńṣì 4 lọ níbùú lóròó, fọ̀ ọ́, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o wá ka iye ojú tí ó wà nínú íńṣì kan. Ká ní ìwé sọ pé ojú 5, tí ó sì ní kí o kó ojú 200 fún àyà íńṣì 40. Bí ọwọ́ tìrẹ bá le tí o sì ń hun 5 àti ààbọ̀, ojú 200 yẹn yóò fún ọ ní nǹkan bí íńṣì 36, màmá kò sì ní lè dè é. Mú abẹ́rẹ́ tí ó nípọn díẹ̀ sí i, kí o tún ègé náà hun.

Kádígáànì alábọ́tìnnì ni kí o hun fún un, kì í ṣe èyí tí a ń bọ̀ láti orí, nítorí gèlè àti nítorí èjìká àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n máfúlà ni kí o fi kọ́wọ́ ná. Òwú àkírílíìkì, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fọ̀. Má sáà jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Ti àwọn ọmọ ní Lugbe, òwú gidi, ìyẹn kọ́tìnì, ni kí o lò, torí ooru.

Ìyá Àdùkẹ́, Lugbe, Àbújá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Màmá, máfúlà náà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí kíláàsì kan tí olùkọ́ ti ń gba àwòrán lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni n óò sì rà. Ó ku ẹyọ kan: ta ni yóò wọ̀n mí? Bí mo bá fi tépù yí ara mi ká fúnra mi, iye tí ó ń bọ̀ sí i kì í dọ́gba.

Aránṣọ Kubwa

Kò lè dọ́gba, torí pé bí ẹ bá ti tẹrí ba láti ka nọ́ńbà, àyà àti ìbàdí ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín tàbí ọmọ yín tó dàgbà wọ̀n yín. Ẹ dúró gbọọrọ, ẹ má ṣe fa ikùn sínú, ẹ wọ irú kọ́mú tí ẹ óò fi wọ aṣọ náà, kí ẹ sì so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìbàdí kí ẹni tí ń wọ̀n yín lè mọ ibi tí àyà parí sí. Ẹ fi rúlà yẹ tépù wò, nítorí tépù tó ti pẹ́ máa ń fà gùn. Fún bùbá, ọ̀nà tó rọrùn jù tún wà: ẹ mú bùbá àtijọ́ tí ó bá yín lára mu, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì wọn òun.

Ọ̀rọ̀ Baba Ìlọrin nípa íńṣì kan tọ̀nà fún àgbà. Ti àwọn ọmọ, ẹ fi íńṣì méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àti mẹ́ta ní ìṣẹ́tí, kí ẹ sì fi ojú gígùn rán ìṣẹ́tí náà, kí ó lè rọrùn láti tú nígbà tí wọ́n bá ga sí i.