Ọ̀la lowó ilé ìwé gbọ́dọ̀ wọlé: Forensic Science ni àbí Criminology?

Ìyá Bọ̀lá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ẹ̀yin ọmọ Èkó tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé òru ni mò ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ka Chemistry jáde ní UNILAG. Ilé ìwé méjì ló gbà á ní Ìlú Ọba: ọ̀kan fún másítà Forensic Science (fífi sáyẹ́ǹsì wádìí ọ̀ràn), èkejì fún Criminology (ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn). Ọ̀la ni ọjọ́ dípọ́síìtì pé. Bàbá ẹ̀ ti ta ilẹ̀ Ìkòròdú, owó wà nílẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Èwo ló máa fi ríṣẹ́? Tó bá sì padà wá sí Èkó ńkọ́?

Ọmọ Òkèpópó, Leicester
Mọ́mì, ẹ káalẹ́ o. Ẹ má tíì sanwó. Fọ́tò lébù tó ń dán ni wọ́n fi fa ojú èmi mọ́ra nígbà tèmi. Mi ò wò ó bóyá Chartered Society of Forensic Sciences, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ forensic, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn. Wọn ò fọwọ́ sí i, ó sì ná mi lówó gidi. Forensic Science Service ìjọba ti kógbá sílé láti 2012, iléeṣẹ́ àdáni àti ọlọ́pàá àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń gbani ní England báyìí.

Àǹtí Kẹ́mi, Manchester
Ẹ gbọ́ ti ìyẹ̀wò tí ọlọ́pàá máa ń ṣe kí wọ́n tó gbani síṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kéèyàn ti gbé níbí fún ọdún 3 kí wọ́n tó lè tú ìwé ẹ̀ wò. Másítà, ọdún 1. Ẹni tó bá béèrè Graduate visa, físà tí wọ́n fi ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, láti January 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un. Ẹ ṣírò ẹ̀: oṣù 30. Físà á ti tán kí ilẹ̀kùn tó ṣí! Kó tètè fojú sí àwọn lébù tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò fún oògùn àti májèlé. Chemistry wúlò níbẹ̀ gan-an.

Ọmọ Mushin, Toronto
Criminology yẹn, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ àdúgbò wa kan ka Biology, ó lọ ṣe Criminology, ó rò pé òun máa wọ lébù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, òfin àti ìdí tí èèyàn fi ń jalè ló kà títí ó fi parí. Owó ti lọ.

Sísí Yábàá, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ. Kọ́ọ̀sì kọ́ ló ṣẹ̀, ẹni tí ò ka ohun tó wà nínú ẹ̀ ni. Criminology ni mo kà, àwọn ọ̀dọ́ tó ti rú òfin ni mò ń bá ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dénú. Probation wà, ìyẹn bíbójú tó àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi tí wọn ò sí lẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n wà, ìwádìí wà, báńkì tó ń tọpa jìbìtì wà.

Ọmọ Mushin, Toronto
Ọmọ Chemistry là ń sọ níbí o!

Sísí Yábàá, Birmingham
Mo gbà fún Chemistry. Ẹ má ṣáà pè é ní owó tó lọ.

Bàbá Táyọ̀, Houston
Kí ló dé tí ọmọ ò wá Houston? Láti 2014 ni lébù ìlú wa ti kúrò lábẹ́ ọlọ́pàá. Àmọ́ tó bá jẹ́ DNA ló wù ú, ìlànà FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fẹ́ biochemistry, genetics, molecular biology àti statistics. Tí wọn ò bá sí lórí transcript, ìwé èsì yunifásítì ẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ FBI fúnra ẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan.
Kó mọ̀ pé iṣẹ́ sùúrù ni. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀, àpò bébà là ń kó o sí. Tó bá wà nínú ọ̀rá, á bu, DNA á bàjẹ́. Wàá kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ, kì í ṣe nínú oòrùn o. Wàá dì í, wàá lẹ téèpù mọ́ ọn, wàá wá fọwọ́ sí i kí ìfọwọ́sí ẹ gba orí téèpù bọ́ sórí bébà, tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, á hàn. Gbogbo ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago. Àkọsílẹ̀ aago kan péré tó bá sọnù, lọ́yà á dì mọ́ ọn ní kóòtù.

Ọmọ Òkèpópó, Leicester
Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ rọra o! Leicester níbí ni Alec Jeffreys ti rí DNA fingerprinting, fífi DNA dá èèyàn mọ̀, ní 1984. Orísun odò la wà.

Ọmọ Mushin, Toronto
Centre of Forensic Sciences wà ní Toronto, a kì í pariwo ni.

Bàbá Táyọ̀, Houston
Òtútù ló dì yín lẹ́nu.

Ìyá Bọ̀lá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èkó ńkọ́?

Àǹtí Kẹ́mi, Manchester
Èkó ló ń dùn mí, mọ́mì. A ní DNA and Forensic Centre tiwa ní Lagos Island ní 2017. October 2020, nígbà tí kóòtù Ìgbósẹ̀rẹ̀ jóná, wọ́n ba òun náà jẹ́. Òfin Coroner Èkó, èyí tó wà fún ìwádìí ohun tó pa èèyàn, ti wà láti 2007, LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, wà ní Ìkẹjà, EFCC náà ń wá àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àti jìbìtì. A nílò wọn ju bí a ṣe rò lọ.

Ọmọ Òkèpópó, Leicester
Ìgbósẹ̀rẹ̀! Ẹ má pa mí lẹ́kún. Àdúgbò yẹn ni mo ti ń jẹ ẹ̀wà aganyin kí n tó lọ wo bọ́ọ̀lù ní Campos.

Ọmọ Mushin, Toronto
Ẹ̀wà Erékùṣù kẹ̀? Ata wọn ò dúdú tó.

Sísí Yábàá, Birmingham
Tejúoṣó ni ẹ̀wà wà, ní kùtùkùtù, pẹ̀lú búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Bàbá Táyọ̀, Houston
Ta ló ń bọ̀ láti Èkó ní December? Ata aganyin àti epo pupa ni mo fẹ́. Ìyá Bọ̀lá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ Òyìngbò, èló ni kẹ́ẹ̀gì epo báyìí?

Ọmọ Mushin, Toronto
Ẹ̀gbọ́n, Ojúwòyè ni kẹ́ ẹ rán wọn lọ, kì í ṣe Òyìngbò.